Ta Ni Ó Di Etí Gàrbá?

Múfútàù Àlàbí ni ó ṣẹ̀ mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀gá kan náà ni ó kọ́ àwa méjèèjì ní iṣẹ́ rédíò títúnṣe, inú àwo kan náà ni a sì ti jọ jẹun fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá ni ó ṣẹ̀ mí, bí a ṣe ń ti ìrun dé, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kasuwar Kara, ọjà màlúù nílùú Sókótó, ní ọdún karùn-ún tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ó sọ. Ó ní, “Ọwọ́ mi kò débẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ẹrù ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ro irú iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ ni wọn yóò ka ìtàn yìí jù, nítorí náà n óò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń gbé ènìyàn ró àti bí ó ṣe lè gbé ènìyàn ṣubú. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n mo ti to ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí èyí tí mo fi ìwàǹwára sọ nínú rẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1970 ni mo dé Sókótó, tí wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Bùráímọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ Ìlọrin ni ọ̀gá wa, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan okùn rédíò kankan. Ìyẹ́ adìyẹ ni ó fún mi, kí n máa fi gbá eruku inú rédíò. Ẹni tí kò bá tíì rí ọyẹ́ Sókótó kò lè mọ ohun tí mo ń sọ. Eruku pupa a máa wọ inú àpótí tí a fi ìṣó kàn pa, bí ẹni pé ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni mo ń fẹ́ná èédú, tí mo ń ki irin bọ inú rẹ̀ títí yóò fi gbóná tó láti yọ́ òjé. Bí irin náà bá gbóná jù, òjé á dà sílẹ̀. Bí kò bá gbóná tó, ìsopọ̀ náà á dúró lónìí, á sì já lọ́la. Ọ̀gá kì í wo iṣẹ́ náà kí ó tó mọ̀. Ó kàn máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti orí àga rẹ̀, á sì ní, “Tún un ṣe.”

Ó ní òfin kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí o bá parí iṣẹ́ lára ẹ̀rọ, kí o tó dé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi ìṣó fa àmì rẹ sínú ìdérí náà. Ilà mẹ́ta àti ihò kan ni àmì tèmi. Ti Múfútàù jẹ́ ilà méjì tí ó dábùú ara wọn. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Oníbàárà ti jókòó, ó ń dúró, nígbà tí ọ̀gá ṣí rédíò náà.

Ó bi mí pé, “Làsísì, ta ni ó tún rédíò yìí ṣe?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Èmi kò bi ẹnu rẹ. Rédíò ni mo bi, kò sì dá mi lóhùn.”

Ó fa gbogbo ìsopọ̀ tí mo ṣe já lójú oníbàárà náà, ó sì ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ó fà á já lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, n kò fi ẹ̀rọ kankan sílẹ̀ láìfi àmì sí i.

Àmì náà ní ohun tí ó so mọ́ ọn. Bí o bá ṣí ẹ̀rọ tí o sì rí àmì ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú rẹ̀, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ìwọ yóò fi ránṣẹ́ sí i, nítorí òun ni ó mọ ohun tí ó fi síbẹ̀ àti ìdí tí ó fi ṣe é. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹni tí ó bá rú òfin yìí kò lè jókòó sórí àga òun láéláé. Ó tún kọ́ wa pé kí a má máa ṣàlàyé inú ẹ̀rọ fún oníbàárà. Ó ní, “Bí o bá sọ fún un, yóò bá ọ jiyàn. Gbé ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ fún un, ó tán.” Mo gba ẹ̀kọ́ yìí mọ́ra bí mo ṣe gba àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fi jẹun, ṣùgbọ́n ó fi mí sílẹ̀ níbi okùn. Nítorí èyí, bí mo bá lọ́ okùn méjì mọ́ra, ọ̀nà òdìkejì ti gbogbo ènìyàn ni tèmi máa ń yí sí. Múfútàù kò jẹ́ kí n sinmi lórí rẹ̀.

Á ní, “Ọ̀gá, ẹ wá wo okùn Làsísì o. Gbogbo wa ń lọ síwájú, tirẹ̀ ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

Ọ̀gá pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí. N kò bínú nígbà náà. Ọ̀rẹ́ ni wá.

A gba òmìnira ní ọdún kan náà. Mo lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Gawon Nama, Múfútàù sì dúró ti ọ̀gá. Ọ̀gá kò bí ọkùnrin, gbogbo wa sì mọ̀ pé Múfútàù ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ sì ń yí padà. Àwọn rédíò ńláńlá tí ó ní gílóòbù nínú, tí ó máa ń gbóná bí ààrò, ń lọ sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni ayé ń béèrè. Mo ra irin tí ń fi iná mànàmáná gbóná, mo sì fi ti èédú pamọ́ fún ọjọ́ tí kò bá sí iná, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n.

Gàrbá ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Sókótó ni, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ara rẹ̀ fúyẹ́. Gbogbo òwúrọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ó ń sáré láti Gawon Nama dé Kasarawa, tí ó sì ń sáré padà, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n mú òun mọ́ àwọn tí yóò sáré ọlọ́nà jíjìn fún ìpínlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Sule, ni ó ra ẹ̀rọ náà bọ̀ láti Mẹ́kà. Kò ju ìwé kékeré kan lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni ó ń gbà, okùn méjì sì jáde lára rẹ̀ lọ sí etí méjèèjì. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. N kò tíì rí ẹ̀rọ tí a ṣe kí ènìyàn kan ṣoṣo lè gbọ́ ọ rí.

Gàrbá sọ fún mi pé, “Malam Làsísì, bí mo bá jókòó, orin rẹ̀ dára. Bí mo bá sáré, orin náà á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.”

Mo wò ó títí, mo rí i pé ẹ̀rọ náà kò ní àrùn kankan. Ara ẹni tí ó gbé e ni ó ń jì í. Mo lọ bá oníṣẹ́ awọ kan ní Kasuwar Kara, mo ní kí ó bá mi fi awọ ewúrẹ́ pupa rán àpò tí yóò lẹ̀ mọ́ ìbàdí lẹ́yìn gbọn-in. Mo tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, mo sì yọ́ ìda àbẹ́là sí ẹnu gbogbo ìsopọ̀ inú ẹ̀rọ náà kí òógùn má bàa wọlé. Kí n tó fún Gàrbá, èmi fúnra mi dè é, mo sì sáré yí àdúgbò ká. Àwọn obìnrin tí ń ta fúrá dúró wò mí.

Ọ̀kan nínú wọn fi orúkọ tí Hausa ń pe Yorùbá pè mí, ó bi mí pé, “Bàyárábè, ta ni ó ń lé ọ?”

Orin náà kò gbọ̀n rárá.

Iṣẹ́ kejì ni orin fúnra rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé Gàrbá láàárọ̀ mẹ́ta, mo fi tẹ̀súbà ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀kẹ̀ kan fún ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a máa falẹ̀, àárín rẹ̀ a máa yára, òpin rẹ̀ a sì tún rọlẹ̀. Mo wá orin tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, mo sì dà wọ́n sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ní títẹ̀léra. Gòjé ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní àárín, n kò rí èyí tí ó yá tó wéré tí àwọn ọmọ wa fi ń jí ènìyàn ní oṣù ààwẹ̀.

Gàrbá bi mí pé, “Kí ni àwọn ènìyàn rẹ wọ̀nyí ń sọ?”

“Wọ́n ní kí ẹ dìde, kí ẹ jẹ sààrì.”

“Haba, Malam. Mò ń fi inú òfìfo sáré, o ní kí wọ́n máa pè mí jẹun?” Ṣùgbọ́n ó gbá kásẹ́ẹ̀tì náà mú, kò sì fún mi padà mọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe tàn nìyẹn. Àwọn ológun tí ń sáré láàárọ̀ wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá. Mo ṣe àpò, mo ka ìgbésẹ̀, mo da orin pọ̀. Inú mi dùn ní àkókò yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, nítorí pé ohun tí ọwọ́ mi ṣe ni wọ́n dè mọ́ ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé Gàrbá. Lọ́rì tí ó kó màlúù bọ̀ wá sí Kara fun fèrè lẹ́yìn wa. Ó fun ún lẹ́ẹ̀mẹta. Gàrbá kò yà. Aṣọ rẹ̀ ni mo fà kí ó tó kúrò lójú ọ̀nà. Ó yọ okùn etí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó máa dín ariwo rẹ̀ kù.

Ó ní, “Bí mo bá dín in kù, ẹsẹ̀ mi náà á dín kù.”

N kò lè sùn dáadáa lẹ́yìn èyí. Nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ náà wá fún títúnṣe, mo ṣí i, mo sì gé okùn tí ó lọ sí etí òsì, nítorí pé òsì ni ọkọ̀ máa ń gbà kọjá lára ẹni tí ń sáré létí títì lọ́wọ́ ọ̀tún, kí etí náà lè máa gbọ́ fèrè. Mo fi ìda bo ẹnu okùn náà. Mo fa ilà mẹ́ta àti ihò kan, mo dé e. N kò sọ fún un. Mo mọ̀ pé yóò bá mi jiyàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó padà wá. “Malam Làsísì, etí òsì kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ibí yìí ni ó ṣòro fún mi láti kọ. Mo lè sọ òtítọ́ fún un ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo ní, “Òógùn ni ó jẹ okùn náà. Kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ẹ fi etí ọ̀tún ṣe é.”

Irọ́ ni mo pa. N kò pa irọ́ fún oníbàárà rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Gàrbá wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà náà, bíréèkì lọ́rì kan tí ó kó màlúù já ní ọ̀nà Kasarawa láàárọ̀. Awakọ̀ náà fi ọwọ́ lé fèrè láti òkèèrè. Àwọn tí ń din kósé, àkàrà àwọn Hausa, létí títì sá, àwọn tí ń ra kósé sá. Gàrbá nìkan ni kò sá. Wọ́n ní bí ó ṣe ń sáré bọ̀ náà dára, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ déédéé. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, ẹ̀rọ náà ṣì ń kọrin ní ìbàdí rẹ̀. Àpò tí mo ṣe ti dáàbò bo ẹ̀rọ náà.

Alhaji Sule gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo sọ, láti béèrè pé ta ni ó di etí àbúrò òun. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àgbà Yorùbá mélòó kan dúró níbẹ̀. Ọ̀gá ti okùn bọ etí rẹ̀ méjèèjì. Méjèèjì ni ó ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, etí kan ni mo fi sílẹ̀. Mo gé ti òsì.”

Ọ̀gá ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Ilà mẹ́ta àti ihò kan, kò sí àmì mìíràn.

“Àmì ta nìyí, Làsísì?”

“Tèmi ni, ọ̀gá.”

“Ta ni ó rí ọ nígbà tí o gé e?”

“Kò sí ẹni tí ó rí mi, ọ̀gá.”

“Ǹjẹ́ o sọ fún ẹni tí ó ni í?”

Alhaji Sule ni ó dáhùn fún mi. Ó ní, “Àbúrò mi sọ fún mi pé Malam Làsísì ní òógùn ni ó bà á jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo rí i tí ó tún ń gbọ́ ọ ní etí méjèèjì. Wallahi, n kò mọ ẹni tí ó tún un ṣe. Mo rò pé Malam Làsísì náà ni.”

Ọ̀gá yíjú sí Múfútàù. Ó ní, “Ẹ̀rọ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa bí?”

“Ọwọ́ mi kò débẹ̀.”

Mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ojú ọ̀gá. Mo fi ibi tí wọ́n ti so okùn òsì hàn án. Ó yí sí ọ̀tún. Okùn tí mo bá lọ́ kì í yí sí ọ̀tún, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí ju ọ̀gá àti Múfútàù lọ. Ṣùgbọ́n okùn ẹ̀rọ náà tín-ín-rín bí irun, ojú ọ̀gá sì ti ń lọ sílẹ̀ nígbà náà. Ó gbé e sí oòrùn, ó gbé e kúrò. Ó fi ìka pa á. Bí ó bá jẹ́ rédíò àtijọ́ ni, ìka rẹ̀ ìbá mọ̀ ọ́n. Ó wo àwọn àgbà tí wọ́n dúró yí i ká, ó sì ní, “N kò rí ìyàtọ̀ kankan.” Kò lè sọ níwájú wọn pé òun kò ríran.

Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ènìyàn ń dè mọ́ ara mọ́. Alhaji Sule kò bú mi. Ó kàn sọ pé, “Allah ya isa.” Ẹni tí ó bá gbé Sókótó rí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ sí ọ ti fà ọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láti bá a gbẹ̀san, kò sì ní bá ọ jiyàn mọ́. Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Èmi ni mo gbé e lọ sílé.

Mo pa àṣẹ ọ̀gá mọ́. Mo tún rédíò ṣe, mo tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, mo tún fídíò ṣe nígbà tí ó dé. Àwọn asáré tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó sì kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìwé tí èmi kò kà. Múfútàù jogún àga ọ̀gá.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, ọ̀gá kú sí Ìlọrin. A pàdé níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn alfa ti dìde, Múfútàù wá jókòó tì mí lórí ẹní.

Ó ní, “Làsísì, èmi ni mo so ó.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

“Gàrbá gbé e wá, ó ní o sọ fún òun pé kò ṣe é tún ṣe. Mo ṣí i, mo rí i pé wọ́n gé e ni. Mo rí àmì rẹ. Ó yẹ kí n ránṣẹ́ sí ọ. Ó ń kánjú, mo sì fẹ́ kí ó rí i pé ohun tí Làsísì kò lè ṣe, Múfútàù lè ṣe é. N kò fi àmì mi sí i nítorí kí ọ̀gá má bàa rí i.”

“O lè sọ èyí ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.”

“Kí n sì pàdánù àga?” Ó tún ní, “Ìwọ ni o gé e, Làsísì. Bí o bá ti sọ fún un pé o gé e, àti ìdí tí o fi gé e, kì bá tí gbé e wá sọ́dọ̀ mi.”

Mo ní kí a jọ lọ sọ́dọ̀ Alhaji Sule. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ sọ irọ́ tèmi ná, òun yóò máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alhaji Sule nínú yàrá àlejò rẹ̀, títí kan irọ́ òógùn. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Ó ní, “Ẹni tí o ní ó so ó, ibo ni ó wà?” Múfútàù kò wá. Títí di òní, kò tíì lọ. Alhaji Sule ti di arúgbó, ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí mi kò sì tíì kúrò lórí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ óò kọ́, ẹ máa fi àmì yín sí ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe. Ọ̀gá mi kò ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ ohun tí ẹ ṣe fún ẹni tí ó ni í, kódà bí yóò bá yín jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀gá mi kò kọ́ mi ní èyí.

Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ mi nínú agolo mílíìkì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè wá ṣí i, kí ó wo ibi tí okùn òsì yí sí. Èmi ni mo gé e, mo sì purọ́. Múfútàù ni ó so ó, ó sì sẹ́. Mo ti sọ tèmi níwájú gbogbo yín. Òun ṣì ń jókòó lórí àga. Ẹ bá wa dá a, ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀: lórí ta ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Alhaji Sule wà?